Òkìtì Òkúta Ẹ̀yìn Oko Wa: Ohun Tó Yẹ Kí Á Béèrè Kí Á Tó Buwọ́ Lùwé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Stockbridge, ìpínlẹ̀ Georgia)

  Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ láàrin yín bọ́ síwájú lónìí, kí á sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń jẹ yọ léraléra nínú ìpè fóònù láti ilé. Àwọn awakùsà dé abúlé, wọ́n fẹ́ ilẹ̀ ìdílé, mọ̀lẹ́bí sì ní kí àwa tí a wà lókè òkun dá sí i.

Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé, ìbéèrè méjì ni a máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Èkíní: èló ni wọ́n fẹ́ san? Èkejì: ta ni yóò gba owó náà? Kò sí ohun tó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Ìbéèrè kẹta wà tó jù wọ́n lọ, tí ẹnu wa kì í sábà dé: òkúta tí wọ́n bá wà jáde, ibo ni wọ́n ó kó o jọ sí, kí ni yóò sì dì í mú níbẹ̀ tí kò fi ní ya lu oko àti ilé?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Òkìtì òkúta ibi ìwakùsà dà bí ilé. Ó ní ìpìlẹ̀, ó ní gíga tí kò yẹ kó kọjá, ó ní ibi tí omi yẹ kó gbà jáde, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kí típà àkọ́kọ́ tó dà á sílẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkìtì náà gbọ́dọ̀ béèrè fún ìṣírò yẹn nígbà tí ìbéèrè ṣì wúlò.

IBI TÍ ÒKÌTÌ TI Ń WÁ

Ní Georgia yìí, orí òkúta ni à ń gbé. Gíránáìtì ni Stone Mountain. Gíránáìtì ni òkè Panola tó wà nítòsí wa ní Stockbridge níbí. Àwọn kúárì àyíká wa ń fọ́ òkúta, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń ṣe títì àti àwọn tó ń kọ́lé. Nítorí pé òkúta fúnra rẹ̀ ni ọjà wọn, ìwọ̀nba ni ohun tí wọ́n ní láti dà nù. Kòtò ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ bí wọ́n bá parí. Kòtò Bellwood ní Atlanta ti di adágún tí ìlú ń tọ́jú omi mímu sí láti ọdún 2020, omi tó ń gbà sì tó bílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 2.4.

Wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, ní agbègbè Ìperindó àti Odò-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ibi ìwakùsà wúrà ńlá àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣí ní Nàìjíríà. Oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà níbẹ̀. Kòtò gbangba ni wọ́n ń gbẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Nínú irú òkúta báyìí, gíráàmù mélòó kan ni wúrà tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ká sọ pé gíráàmù 4 ni. Típà tó gbé tọ́ọ̀nù 20, gíráàmù 80 péré ló gbé, ìyẹn wúrà tí kò tó awẹ́ obì kan. Kí wọ́n tó dé ibi tí òkúta oníwúrà yẹn wà, wọ́n ti kó ilẹ̀ pupa àti òkúta tí kò ní nǹkan kan nínú kúrò lórí rẹ̀. Ní ibi ìwakùsà gbangba, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kó tọ́ọ̀nù 5, tàbí 10, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dà nù kí wọ́n tó rí tọ́ọ̀nù kan tó wúlò. Òkìtì kan wà lẹ́yìn òrùka kọ̀ọ̀kan tí a fi sọ́wọ́.

Ẹ má jẹ́ kí á da nǹkan méjì pọ̀. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ òkúta oníwúrà kúnná, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń sé e mọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ewu tirẹ̀. Òkúta àdànù tí típà ń dà jọ ni ọ̀rọ̀ tiwa lónìí.

Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà nìkan. Ní Ewékorò, ní Ṣágámù, ní Ìbẹṣè, wọ́n gbọ́dọ̀ ká ilẹ̀ tó bo òkúta sìmẹ́ńtì kúrò kí wọ́n tó wà á. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí àwọn òbí yín ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, ẹ ti rí òkìtì àti kòtò olómi tí àwọn awatánganran fi sílẹ̀ káàkiri. A kò fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ kankan níbí. Ìbéèrè tí a fẹ́ kọ́ ara wa yìí, ilé iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ ti ní èsì rẹ̀ nínú fáìlì.

OHUN TÓ Ń FÀ Á ÀTI OHUN TÓ DÌ Í MÚ

Ẹ wo ìyá tó ń wọn gàrí lọ́jà. Ó da gàrí sínú kóńgò, ó ń bù lé e títí ó fi ṣe ṣóńṣó. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé bí ó ti wù kó bù ú tó, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa ṣàn gbà. Ṣóńṣó náà lè tóbi sí i, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í yí padà. Bákan náà ni òkúta. Bí típà bá ń da á sílẹ̀ láti etí òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ á dúró sí nǹkan bíi dígírì 37. Níbẹ̀, òkúta ojú òkìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ̀ ni. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà kì í fi í jẹ́ kí òkìtì gíga dúró gbọọrọ bẹ́ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n á ṣe é bí àtẹ̀gùn: wọ́n á kó ìpele kan, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á kó òmíràn lé e. Lápapọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá dagun díẹ̀díẹ̀ bí òkè tó ṣeé gùn.

Agbára méjì ló ń jà nínú òkìtì ní gbogbo ìgbà. Ìwúwo rẹ̀ ń fà á lọ sísàlẹ̀. Bí òkúta ṣe há mọ́ òkúta, bí amọ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ra, àti bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe le tó, ìwọ̀nyí ló ń dì í mú. Ẹnjiníà á ṣírò méjèèjì, á fi agbára tó ń fà á pín agbára tó dì í mú. Bí èsì bá jẹ́ 1, òkìtì wà ní bèbè. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 1 lọ, yóò ya. Nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n sábà máa ń wá 1.3 sí 1.5. Òfin Amẹ́ríkà lórí ibi ìwakùsà èédú tiẹ̀ sọ ọ́ ní pàtó fún òkìtì ilẹ̀ àti òkúta àṣẹ́kù: kò gbọ́dọ̀ dín ní 1.5. Ẹ há nọ́ńbà yìí sórí. Ẹni tí kò lọ sí yunifásítì pàápàá lè béèrè pé: èló ni ìdíwọ̀n ààbò òkìtì yín, ta ló ṣírò rẹ̀, ṣé ìgbà òjò ló bá ṣírò rẹ̀ àbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?

ILẸ̀ ABẸ́ RẸ̀

Kò sí ẹni tó máa kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí àkùrọ̀ láìgbẹ́lẹ̀. Òkìtì òkúta wúwo ju ilé alájà mẹ́ta lọ fíìfíì. Ní ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, òjò àti oòrùn ti jẹ òkúta abẹ́ ilẹ̀ títí ó fi di amọ̀, ó sì lè jìn lọ gan-an. Bí ó bá gbẹ, á le bíi bíríkì. Bí omi bá mu ún yó, á máa yọ̀ bí ilá. Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò ìdánwò káàkiri láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á gé igi, wọ́n á ká ilẹ̀ dúdú àti ẹrẹ̀ kúrò. Wọ́n á gbẹ́ yàrà sí ibi tí ẹsẹ̀ òkìtì máa wà, wọ́n á fi òkúta líle dí i, kí òkìtì lè rí nǹkan tẹsẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn wà tí a ní láti kíyè sí. Ilẹ̀ rírọ̀ òkè ni katapílà ń kọ́kọ́ kó nínú kòtò, òkúta líle ló ń kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kàn ń dà á bí ó ṣe ń bọ̀, èyí tó rọ̀ á wà nísàlẹ̀, èyí tó wúwo á gùn ún lórí. Ìyẹn dà bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì lé orí ẹ̀bà. Ó yẹ kí ìwé iṣẹ́ wọn sọ ibi tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń lọ.

OMI

Omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n òun ló ń ya òkìtì jù. Ẹni tó bá wọ odò dé àyà mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kì í wúwo nílẹ̀ mọ́: omi ti gbé e díẹ̀, ìṣàn kékeré sì lè gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni omi tó bá kún inú òkìtì ṣe ń gbé òkúta kúrò lára òkúta. Ìwúwo tó ń fa gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kò dín, ohun tó dì í mú ló dín. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní agbára tó ń fà á jẹ́ 100, èyí tó dì í mú jẹ́ 130. Ìdíwọ̀n ààbò rẹ̀ jẹ́ 1.3, ọkàn wa balẹ̀. Òjò rọ̀, omi kó sínú rẹ̀, ó gba ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó dì í mú. Agbára 130 di 97 àtààbọ̀. Ó ti bọ́ sábẹ́ 100. Òkìtì tó dúró láti ọjọ́ yìí á ya, kò sì sí ẹni tó da òkúta kan ṣoṣo lé e lọ́jọ́ náà.

Àpẹẹrẹ bí omi ṣe ń ṣe èyí wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Ní ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí omi ṣe ń rìn ní òkè Panola. Wọ́n gbẹ́ yàrà gígùn mítà 20 sí ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, títí wọ́n fi kan òkúta, wọ́n sì ń wọn omi tó ń jáde níbẹ̀. Nínú òjò 147 tí wọ́n yẹ̀ wò láàrin ọdún 1996 sí 1998, wọ́n rí i pé bí òjò kò bá tó nǹkan bíi mílímítà 55, ìyẹn ínṣì méjì ó lé díẹ̀, omi tó ń jáde kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òkúta abẹ́ ilẹ̀ ní kòtò kéékèèké bí ọpọ́n ayò. Omi á kọ́kọ́ kún ihò kan, á ṣàn sí èkejì, títí gbogbo wọn á fi so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lókè ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan.

Òkè tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni Panola, kì í ṣe òkìtì awakùsà. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wa mu. Òkìtì lè gba òjò mẹ́wàá sára kó má mira, kí ẹ̀kọkànlá wá gbé e. Bí wọ́n bá sọ fún mọ̀lẹ́bí pé "a yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kejì, ó dúró digbí," ẹ rántí pé ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Oṣù Kẹfà, oṣù Keje, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni kí wọ́n padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìsun bá wà níbi tí wọ́n fẹ́ kó òkìtì lé, ẹ jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá tó mọ ibẹ̀ fi hàn wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìsun kì í kú nítorí pé a da òkúta lé e. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN TÓ BÉÈRÈ TÍ A KÒ DÁ LÓHÙN

Ní Wales, ní Ìlú Ọba, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Aberfan. Èédú ni wọ́n ń wà níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń wà á, ṣùgbọ́n orí òkè tó wà lókè abúlé ni wọ́n ń da àdànù rẹ̀ sí. Ní ọdún 1958 wọ́n bẹ̀rẹ̀ òkìtì keje, orí ìsun omi ni wọ́n sì gbé e lé. Ìsun náà wà nínú máàpù. Ní ọdún 1963 ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ kọ lẹ́tà pé ewu wà fún ilé ìwé tó wà nísàlẹ̀. Wọn kò dẹ́kun, wọ́n ń dà á lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òjò, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì ni òkìtì náà ya, ó ṣàn wá bí omi, ó bo ilé ìwé Pantglas àti àwọn ilé tó yí i ká. Ènìyàn 144 ló kú. Ọmọdé ni 116 nínú wọn.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jábọ̀ ní ọdún 1967 pé ẹ̀bi àjọ ìjọba tó ń wà èédú ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ nínú ẹgbẹ́. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé dá owó fún àwọn ẹbí tó ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó tó àkókò láti kó àwọn òkìtì tó kù lókè abúlé kúrò, ìjọba gba 150,000 pọ́n-ùn nínú owó ọ̀fọ̀ náà láti fi ṣe é. Ọdún 1997 ni wọ́n tó dá a padà, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Òfin tó de irú òkìtì bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Ní Amẹ́ríkà níbí pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìdídò tí wọ́n fi àdànù èédú ṣe ya ní Buffalo Creek, West Virginia, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1972, ó pa ènìyàn 125. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwakùsà èédú jáde ní ọdún 1977.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo Bọ́mà, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa lọ jagun sí nígbà ogun Hítílà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Ní Hpakant, kòtò gbangba ni wọ́n ti ń wa òkúta oníyebíye aláwọ̀ ewé. Àwọn tálákà á máa ṣa èyí tó ṣẹ́ kù nínú òkìtì àdànù, wọ́n a sì máa sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, òkìtì ya lu àwọn àgọ́ wọn, ó pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2020, ní ìgbà òjò, òkìtì mìíràn ya sínú kòtò tí omi ti kún, omi náà ru sókè, ó gbé àwọn tó ń ṣa òkúta lọ. Ó lé ní 170 tó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìtagunmódì àti Ifẹ̀wàrà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá wúrà kiri nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ebi kò gbọ́ òwe. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fún wọn: ẹni tó bá ń wa ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkìtì ń gé ẹsẹ̀ tí òkìtì fi dúró. Ibẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ rárá.

ÀMÌ TÍ ẸNI TÓ WÀ NÍLÉ LÈ FI OJÚ RÍ

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní rédà tó ń rí i bí òkìtì bá sún ní mílímítà kan. Ṣùgbọ́n ojú àgbẹ̀ náà ń ríran. Bí ilẹ̀ orí òkìtì bá sán tí ó sì ń la gígùn lẹ́bàá etí, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wú síta, bí igi ìsàlẹ̀ bá ń dagun, bí odò tó mọ́ tẹ́lẹ̀ bá dà rú láìsí òjò, tàbí bí omi bá jáde níbi tí kò ti sí rí, òkìtì ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí sísán lórí ilẹ̀ yín, ẹ kan èèkàn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì sísán náà, kí ẹ fi rúlà wọn àárín wọn lójoojúmọ́. Bí ó bá fẹ̀ sí i ní mílímítà 5 lọ́jọ́ Ajé, 10 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 25 lọ́jọ́rú, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Sísún tó ń yára sí i ni àmì tó burú jù. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Kí wọ́n kúrò, lẹ́yìn náà kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ àti ìjọba.

OHUN TÍ ÒFIN FÚN WA

Àwọn kan lè ní bí a bá béèrè jù, ilé iṣẹ́ á bínú lọ sí abúlé mìíràn, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń retí á sì bá a lọ. A gbọ́, a sì mọ bí iṣẹ́ ṣe ṣòro tó nílé. Ṣùgbọ́n yàrà, gọ́tà àti àtẹ̀gùn òkìtì kì í wọ́n bí a bá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí òkìtì bá ti ga tán ni àtúnṣe rẹ̀ ń wọ́n, ìgbà náà ni wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹrù náà lé lórí. Bí Aberfan bá kọ́ wa ní nǹkan kan, òun ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè pàdánù ọmọ, kí ó tún san owó kíkó òkìtì.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ojúure tí à ń tọrọ. Láti ọdún 1992 ni òfin àyẹ̀wò àyíká ti wà ní Nàìjíríà, tó ní kí iṣẹ́ ńlá bí ìwakùsà ṣe àyẹ̀wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará ìlú sì rí i kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 ní kí ilé iṣẹ́ bá àwọn tó ni ìlú ṣe ìwé àdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìtọ́jú àyíká wà lára ohun tí ìwé náà lè sọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkìtì wà nínú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ni kí ẹ sọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ (Ẹ gé e, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé)

1. Ibo ni òkìtì máa wà, báwo ni yóò ṣe ga tó, báwo ló sì ṣe jìnnà sí ilé, ilé ìwé àti odò tó wà nísàlẹ̀?

2. Ihò ìdánwò mélòó ni ẹ gbẹ́ síbẹ̀, kí ni ẹ bá nísàlẹ̀? Ṣé ẹ ó ká ẹrẹ̀ àti ilẹ̀ rírọ̀ kúrò?

3. Ìsun àti odò wo ló wà níbẹ̀? Ibo ni omi wọn máa gbà jáde?

4. Èló ni ìdíwọ̀n ààbò òkìtì náà bí omi bá wà nínú rẹ̀? Ẹnjiníà wo ló buwọ́ lù ú?

5. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ lásìkò òjò? Nọ́ńbà fóònù wo ni abúlé máa pè ní òru?

6. Bí wúrà bá tán tí ẹ bá lọ, ta ni yóò tẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, gbin nǹkan sórí rẹ̀, owó wo ni ẹ sì ti yà sọ́tọ̀ fún un?

Ìdílé tí kò bá rí èsì sí ìbéèrè kẹta àti ìkẹrin lórí ìwé, ìmọ̀ràn wa ni pé kí wọ́n má tíì buwọ́ lùwé. Kí wọ́n ní àwọn ń retí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti náwó wá sí abúlé lè dúró de ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkìtì yìí ní Georgia Tech, kò sì jìnnà sí wa níbí. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwakùsà wúrà ńlá ni, wọ́n á nílò ẹni tó gbọ́ èdè àgbẹ̀ tó sì gbọ́ èdè ìṣírò. Ẹni tó bá lè jókòó ní ààfin, kí ó ṣàlàyé ìdíwọ̀n ààbò fún ọba àti ìjòyè ní Yorùbá, ó ti ṣe ilé wa lóore tó pọ̀.

A dábàá kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìdílé tó bá fẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Àwa ti ṣetán láti wà lára wọn. Bí ìpè bá dé láti ilé lọ́la, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa òkìtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè nípa owó.